Bráwúsà ń há lórí láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́: ẹ wo iná dísìkì kẹ́ ẹ tó gbà kí wọ́n fọ́máàtì ẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ káàsán o, ọ̀gá. Láptọ́ọ̀pù mi ti tó ọdún mẹ́wàá, RAM ẹ̀ jẹ́ 4GB, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Tí mo bá ṣí Chrome, kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi máa há, ojú ẹ̀ á funfun, á kọ Page Unresponsive. Ọfà máósì ṣì máa ń rìn o, àmọ́ tí mo bá tẹ nǹkan kò ní dáhùn, iná kékeré kan tó wà níwájú ẹ̀ á kàn tàn síbẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀ á tún gbéra. Mo ti yọ Chrome, mo tún un fi sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò yàtọ̀. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní àfi kóun fọ́máàtì ẹ̀ tàbí kí n lọ ra tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Ẹ káàsán o. Ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀, torí iná kékeré tẹ́ ẹ dárúkọ bíi pé kò já mọ́ nǹkan yẹn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má tíì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọ́máàtì nǹkan kan, torí ó máa ń pa ohun tó wà lórí dísìkì rẹ́, ẹ má sì tíì náwó.

Iná háàdì dísìkì nìyẹn. Nígbà tára ẹ̀ bá dá, ṣe ló máa ń ṣẹ́jú, á tàn á kú, á tàn á kú, torí dísìkì ń ṣiṣẹ́ ó sì ń ráyè mí láàárín. Tó bá wá tàn tó dúró gbagidi tí kò ṣẹ́jú mọ́, iṣẹ́ ti kún un lọ́wọ́ nìyẹn, àwọn tó ń dúró dè é sì ti tò gọgọrọ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ tún ní ọfà máósì ṣì ń rìn. Ìyẹn náà jẹ́ ká mọ̀ pé Windows ò kú, ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ ti wọlé, Chrome ló ń retí nǹkan kan tó wà lórí dísìkì, dísìkì ò sì tíì gbé e wá fún un. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bẹ́ ẹ yọ Chrome tẹ́ ẹ tún un fi sí i nígbà mẹ́wàá, ibi tẹ́ ẹ fi í sí náà lẹ máa bá a, torí kì í ṣe Chrome ló bàjẹ́.

Kí wá ni Chrome ń wá lórí dísìkì? RAM ló tán, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí. 4GB tó nígbà tí wọ́n ṣe láptọ́ọ̀pù yẹn, àmọ́ lónìí Windows 10 pẹ̀lú antivirus lè jẹ nǹkan bí ìdajì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí ohunkóhun, tí kò bá sì sí káàdì graphics tó dá dúró nínú ẹ̀, àwòrán ojú sikíríìnì náà á tún bù nínú RAM kan náà yẹn. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni Chrome fẹ́ fi gbé gbogbo tábù yín. Bẹ́ẹ̀ àtìgbà tí Chrome ti jáde lọ́dún 2008 ni wọ́n ti ṣe é kó máa pín ara ẹ̀ sí ọ̀pọ̀ prógíráàmù kéékèèké, kí tábù kan má bàa kú kó fa àwọn tó kù lọ, Firefox náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2016. Nígbà tó di 2018 tí ọ̀rọ̀ ihò ààbò tí wọ́n ń pè ní Spectre jáde, Chrome 67 bẹ̀rẹ̀ sí í ya sáìtì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kódà kí sáìtì méjì wà nínú tábù kan ṣoṣo, Google fúnra wọn sì sọ pé ìyẹn fi nǹkan bíi 10 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún kún RAM tó ń jẹ. Ààbò gidi ni o, mi ò ní kẹ́ ẹ pa á. Mò ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù yín ò di ọ̀lẹ, ẹrù tí wọ́n ń dì lé e lórí lọ́dọọdún ló ń wúwo sí i.

Tí RAM bá kún, Windows ò ní sọ pé ó tó. Á wo àwọn nǹkan tẹ́ ẹ ò fọwọ́ kàn láìpẹ́, á kó wọn lọ sínú fáìlì kan lórí dísìkì tó ń jẹ́ pagefile.sys, kó lè ráyè. Ẹ wò ó báyìí: RAM ni ilẹ̀ yàrá níbi tọ́wọ́ yín ti ń tó nǹkan, dísìkì ni orí àjà. Nǹkan tó bá ti gòkè àjà, ẹ gbọ́dọ̀ gbé àkàbà kẹ́ ẹ tó lè mú un, tí ilẹ̀ bá sì kún, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé nǹkan míì gòkè kẹ́ ẹ tó rí ibi gbé èyí tẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá padà sí tábù kan tẹ́ ẹ ti fi sílẹ̀ látàárọ̀, àìmọye ìgbà ni Windows máa gun àkàbà yẹn kí tábù yẹn tó dáhùn.

Àkàbà ọ̀hún sì ga. Háàdì dísìkì inú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ máa ń yí ní ìgbà 5400 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni pé tó bá yí lẹ́ẹ̀kan ó ń gba nǹkan bíi 11 millisecond (ms), ìyẹn tá a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, mọ́kànlá nínú ẹ̀. Kó tó lè ka nǹkan, orí tó fi ń kà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn lọ síbi tí nǹkan náà wà, kó tún dúró dìgbà tí àwo á fi yí débẹ̀, tẹ́ ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ju bí ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nǹkan tí Windows sì ń kó lọ kó bọ̀ nínú pagefile, ègé kéékèèké ni, 4KB, 4KB, tó fọ́n káàkiri. Nítorí náà dísìkì tó lè ka 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí fáìlì bá tò tẹ̀léra, tó bá dórí irú iṣẹ́ yìí ó lè má ka tó 1MB. SSD, irú dísìkì tuntun tí wọ́n ń fi rọ́pò háàdì dísìkì, ní tiẹ̀ ò ní àwo tó ń yí, kò ní orí tó ń rìn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ló ń ṣe irú ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àmọ́ ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ jẹ́rìí. Kẹ́ ẹ tó ṣí Chrome rárá, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á jáde, tó bá kéré ẹ tẹ More details nísàlẹ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ bọ́ sí Performance. Ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí tó bá jẹ́ ìgbà tí nǹkan ti há tán lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá a, òun náà ò ní tètè ṣí. Ẹ wá ṣí Chrome kẹ́ ẹ lò ó bẹ́ ẹ ṣe máa ń lò ó gan-an, ẹ má ṣe bí ẹni ń ṣọ́ ọ. Tó bá ti há, ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò lára ẹ̀, ẹ kàn ka ohun tẹ́ ẹ rí: CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) mélòó, Memory (RAM) mélòó, Disk mélòó, ẹ tún tẹ Disk yẹn kẹ́ ẹ wo Average response time nísàlẹ̀. Tí Memory bá ti kọjá 90%, tí Disk wà ní 100%, tí response time ń sọ 500 ms, 1000 ms, bí mo ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn. Dísìkì tára ẹ̀ dá kì í sábà kọjá 20 ms tàbí díẹ̀ sí i.

Ká ní bó ṣe rí nìyẹn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò gba owó. Tẹ́ ẹ bá wà nínú Chrome, ẹ tẹ Shift àti Esc, Chrome ní Task Manager tiẹ̀ lọ́tọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ẹ tẹ orí ibi tí wọ́n kọ Memory footprint sí kí èyí tó ń jẹun jù bọ́ sókè. Ẹ máa rí tábù níbẹ̀, ẹ máa rí sáìtì tó fara pa mọ́ sínú tábù, ẹ sì máa rí àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Extension, ìyẹn àwọn prógíráàmù kéékèèké téèyàn ń fi kún Chrome. Àwọn ìlà Extension yẹn lẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Mo tún kọ̀ǹpútà kan ṣe rí, 4GB bíi tiyín, extension mẹ́tàlá ló wà lórí ẹ̀, ẹni tó ni ín ò sì lè sọ ohun tí ju mẹ́ta lọ nínú wọn ń ṣe, ọ̀kan tó ní òun ń wá ọjà olówó pọ́ọ́kú ń wọnú gbogbo sáìtì tó bá ṣí, kódà báǹkì ẹ̀. A yọ mẹ́wàá. Ọjọ́ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá extension ló fà á láì tíì yọ nǹkan kan, ẹ fi Guest window lo Chrome fún wákàtí kan, kò sí extension kankan níbẹ̀, tí kò bá há níbẹ̀ tó ń há níbi tẹ́ ẹ ti máa ń lò ó, ẹ ti rí ọ̀daràn.

Extension kan ṣoṣo ni mo máa ní kẹ́ ẹ fi sí i báyìí, èyí tó ń dènà ìpolówó: uBlock Origin Lite lórí Chrome, uBlock Origin gan-an lórí Firefox. Ọ̀pọ̀ ìpolówó tó ń bẹ lójú sáìtì ìròyìn ló ń wá pẹ̀lú kóòdù tiẹ̀, fídíò tiẹ̀, sáìtì tiẹ̀ tí Chrome gbọ́dọ̀ ya RAM sọ́tọ̀ fún, ohun tí extension yẹn á jẹ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó máa dá dúró fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ Settings ti Chrome, ẹ lọ sí Performance, ẹ tan Memory Saver, á máa gbé àwọn tábù tẹ́ ẹ ò lò kúrò nínú RAM, tẹ́ ẹ bá padà sí wọn wọ́n á kàn tún ara wọn ṣí. Ní Settings náà, lábẹ́ System, ẹ pa èyí tó ní kí Chrome máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti tì í. Nínú Task Manager ti Windows, ẹ wo Startup, ẹ pa àwọn tó ń dìde fúnra wọn tí kọ̀ǹpútà bá ti tàn, yàtọ̀ sí antivirus. Antivirus náà, ọ̀kan ṣoṣo o. Méjì á máa yẹ fáìlì kan náà wò lẹ́ẹ̀mejì, lórí dísìkì tó ti rẹ̀.

Gbogbo ìyẹn á mú kó sàn, àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín, 4GB pẹ̀lú háàdì dísìkì tó ń yí, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ fi tún kan ògiri. Ohun tó máa yanjú ẹ̀ ni SSD àti RAM. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan lágbára yín ká báyìí, SSD ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní RAM ni torí òun ló tán, òótọ́ sì wà níbẹ̀, àmọ́ RAM á wo Chrome sàn, SSD á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tètè tàn, kí apdéètì tètè parí, kí fáìlì tètè ṣí, tí RAM bá sì tún kún, gígun àjà ò ní tó nǹkan mọ́. Tí ọjọ́ bá sì pé tí láptọ́ọ̀pù yìí kú, ẹ lè yọ SSD yẹn kẹ́ ẹ fi sínú òmíràn tó gbà á. Èyí tó máa bá púpọ̀ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù ìgbà yẹn mu ni SATA 2.5 inch, 240GB sì tó bí fáìlì yín ò bá pọ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n da gbogbo ohun tó wà lórí ti tẹ́lẹ̀ kọ sórí tuntun bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kò pọn dandan kẹ́ ẹ pàdánù fáìlì kankan.

Tó bá kan RAM, kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ padà sí Performance nínú Task Manager ti Windows, ẹ tẹ Memory, ẹ máa rí Slots used. Tó bá ní 1 of 2, àyè kan ṣófo, inú yín á dùn. Àwọn láptọ́ọ̀pù tínrín kan wà tí wọ́n jó RAM wọn mọ́ bọ́ọ̀dù, ìyẹn ò ṣeé fi kún. Ẹ tún wo irú RAM tó jẹ́, bóyá DDR3 ni tàbí DDR3L, torí DDR3L ń lo iná 1.35V, DDR3 lásán ń lo 1.5V, láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe fún DDR3L nìkan lè kọ̀ láti tàn tẹ́ ẹ bá ki DDR3 lásán bọ̀ ọ́. Ẹ sì wo System type nínú Settings ti Windows, lábẹ́ System, About: tó bá jẹ́ 32-bit Windows lẹ ní, RAM tẹ́ ẹ bá fi kún 4GB, kò ní rí i lò, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí 64-bit.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú ní kánjúkánjú ju gbogbo ìyókù lọ. Tó bá jẹ́ pé Memory ṣì kù dáadáa àmọ́ Disk wà ní 100%, tí Processes nínú Task Manager ò sì fi hàn pé antivirus tàbí Windows Update ló ń lò ó, ó ṣeé ṣe kí dísìkì yẹn máa kú lọ. Ẹ dáùnlóòdù CrystalDiskInfo, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ wo àwọ̀ ẹ̀. Tó bá kọ Caution, ẹ wo ìlà 05 àti C5: 05 ni iye ibi tó ti bàjẹ́ tí dísìkì ti fi òmíràn rọ́pò, C5 ni àwọn ibi tó gbìyànjú láti kà tí kò rí kà. Tí nọ́ńbà tó wà nídìí C5 lábẹ́ Raw Values kì í bá ṣe òdo, ẹ má ṣe ohun míì lórí kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ kọ́kọ́ da fọ́tò àti fáìlì yín sórí dísìkì míì, àwọn tí ò sí níbòmíì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà. Kẹ́ ẹ má tíì ṣe chkdsk, ìyẹn ohun tí Windows fi ń yẹ dísìkì wò, kẹ́ ẹ má fọ́máàtì, torí iṣẹ́ àṣekára ni méjèèjì fún dísìkì tó ń jà fún ẹ̀mí ẹ̀. Obìnrin kan gbé tiẹ̀ wá bá mi rí, ẹnì kan ti bá a fọ́máàtì ẹ̀ nígbà mẹ́ta ní oṣù kan torí ó ń há, ìgbà tó fi dọ́wọ́ mi, dísìkì yẹn ń ké tàkì-tàkì-tàkì, kò sì mú nǹkan kan jáde mọ́. Fọ́tò ọmọ ẹ̀ láti kékeré wà níbẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí dòní, torí ká ní ẹnì kan ti wo ìlà C5 lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, gbogbo ẹ̀ ì bá ṣì wà.

Tó bá wá jẹ́ pé Disk jókòó jẹ́ẹ́, CPU ló wà ní 100%, pàápàá tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ ń wo fídíò ló ń há, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. YouTube máa ń fi VP9 tàbí AV1 gbé fídíò wá, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dì í kó kéré nìyẹn, ọ̀pọ̀ káàdì graphics tó wà ṣáájú 2016 ò sì mọ VP9 í tú, ká má tíì wá sọ AV1, gbogbo iṣẹ́ yẹn á wá bọ́ sórí CPU. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máósì tẹ ojú fídíò, ẹ mú Stats for nerds, ẹ wo Codecs: tẹ́ ẹ bá rí vp09 tàbí av01, tí dropped frames (àwòrán tó fò) ń gòkè ṣáá, ẹ wá extension tó ń jẹ́ h264ify, tó bá ṣì wà fún Chrome yín kẹ́ ẹ fi sí i, á ní kí YouTube máa fi H.264 ránṣẹ́, èyí tí káàdì àtijọ́ mọ̀ dáadáa, tàbí kẹ́ ẹ kàn fà á wálẹ̀ sí 480p. Tí fáànù bá sì ń pariwo tí ìdí láptọ́ọ̀pù gbóná, eruku ló ti di ojú fáànù, CPU tó bá gbóná jù máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dẹwọ́ kó má bàa jóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i fọ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ ọ̀dà tó wà láàárín CPU àti irin tó ń fa ooru ẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn tó lè fà á ni graphics. Àmì tiẹ̀ ni pé ojú Chrome á dúdú tàbí á máa ṣẹ́ wìrì, tàbí gbogbo sikíríìnì pẹ̀lú máósì á há pọ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí Settings ti Chrome, System, kẹ́ ẹ pa Use graphics acceleration when available, kẹ́ ẹ tún Chrome ṣí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ ní kéèyàn pa á, èmi ò fara mọ́ ọn, torí tí kì í bá ṣe ibẹ̀ ni àìsàn wà, ṣe lẹ tún gbé ẹrù káàdì lé CPU lórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra fún àwọn prógíráàmù tó ní àwọn á fọ RAM yín mọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń lé nǹkan jáde kúrò nínú RAM lọ sínú pagefile, nọ́ńbà á dára lójú, ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ẹ̀ gbogbo ẹ̀ á tún máa gun àkàbà padà. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó bá ní kẹ́ ẹ pa pagefile pátá, lórí 4GB ohun tẹ́ ẹ máa rí ni tábù tó ń kú lójijì.

Ẹ tún mọ̀ pé Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò kan tó wà lára bọ́ọ̀dù tàbí CPU) àti CPU tí láptọ́ọ̀pù ọdún mẹ́wàá kì í sábà ní. Chrome ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 10, àmọ́ ẹ rántí pé Windows 7 àti 8.1 ò rí Chrome tuntun gbà mọ́ láti Chrome 110 ní oṣù kejì ọdún 2023, ọjọ́ tiyín náà ń bọ̀. Tó bá jẹ́ bráwúsà, lẹ́tà àti fídíò nìkan lẹ ń fi láptọ́ọ̀pù yìí ṣe, Linux Mint Xfce, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó sì lè rọ́pò Windows, á fúyẹ́ fún un, ẹ sì lè kọ ọ́ sórí fláàṣì kẹ́ ẹ tan kọ̀ǹpútà látibẹ̀, kẹ́ ẹ dán an wò bóyá wáìfáì àti ohùn ń ṣiṣẹ́, láì fọwọ́ kan ohunkóhun tó wà lórí dísìkì.

Ní báyìí, CrystalDiskInfo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí lálẹ́ òní, kó tó kan Chrome. Tó bá kọ Good, ẹ wá ṣí Task Manager bí mo ṣe sọ, kẹ́ ẹ fi fóònù ya fọ́tò ojú ẹ̀ nígbà tí nǹkan bá há, kẹ́ ẹ kọ CPU, Memory, Disk àti response time ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà móódẹ̀lì tó wà ní ìdí láptọ́ọ̀pù, kí n lè sọ RAM tó bá a mu fún yín kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á.